Ọmọ Wa Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Agbẹ̀bí: Kí Ló Ń Lọ Ṣe Lóru ní Wọ́ọ̀dù?



Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn àsálàtù, bàbá kan wá bá mi nídìí tábìlì tí a máa ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwé kan ló mú dání, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí fi fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní ọdún kejì. Ìwé náà sọ pé ọmọ náà yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú mìíràn, àti pé ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀ yóò jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ní yàrá ìrọbí. Bàbá ní, "Dókítà," (bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apòògùn ni mí) "ìwé ni mo ní kó lọ kà. Ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí wọn kí wọ́n jẹ́ kó kà á tán nínú kíláàsì."

Mo wo bàbá náà títí. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, òun ló pè mí ní agogo kan òru pé kí n bá òun wá ilé ìwòsàn tí obìnrin ti máa gba ẹ̀bí, nítorí ọkùnrin nìkan ni àwọn bá níbi tí àwọn kọ́kọ́ dé. A rí ọ̀kan. Agbẹ̀bí obìnrin kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ló gba ọmọ náà, tọkọtaya sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé obìnrin ló tọ́jú wọn.

Mi ò kọ lẹ́tà yẹn. Mo fà á jókòó, a sì sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ ilé kéú fi jáde. Nígbà tó yá, òbí méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa béèrè ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n fi ojú ìwé wa ti oṣù yìí ṣàlàyé bí agbẹ̀bí ṣe ń kọ́ṣẹ́ àti ìdí tí kò fi lè kọ́ ọ nínú kíláàsì nìkan.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkọ kan láàárín wa tí kì í sọ pé obìnrin ni òun fẹ́ kó tọ́jú ìyàwó òun lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, Mùsùlùmí bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn kì í hù láti inú ilẹ̀. Ọmọ ẹnì kan ni wọ́n, ẹnì kan ló sì gbà kí wọ́n lọ ṣàìsùn ní ilé ìwòsàn títí wọ́n fi mọ iṣẹ́. Ìwádìí ìlera tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100,000 tí a bá bí láàyè, nǹkan bí ìyá 512 ló ń kú nítorí oyún tàbí ìbímọ. Ìwádìí kan náà sọ pé àwọn ọmọ tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ gbẹ̀bí wọn kò tó ìdajì gbogbo ọmọ tí a ń bí. Ẹ̀yin náà ẹ fi èyí wé bí a ti ń dá àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ wo orúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Agbẹ̀bí ni ẹni tó ń gba ẹ̀bí. Qābila ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń gbà: ìyá ń fi fúnni, obìnrin yìí ń gbà á. Ibn Khaldun, onímọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní Tunis, tó kọ ìwé Muqaddimah ní 1377, ya orí kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ìlú ò lè ṣe aláìní, ó sì ní obìnrin ló sábà máa ń ṣe é nítorí pé obìnrin ló tọ́ kó rí ìhòhò obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé kan náà ló ti ṣàlàyé pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í mọ́ ènìyàn lára àfi tó bá ń ṣe é léraléra lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwa Yorùbá mọ̀ náà nìyẹn. Ta ló rí télọ̀ tó kọ́ aṣọ rírán nínú ìwé? Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni à ń lọ, aṣọ àkísà la fi ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ á sì pẹ́ kí ọ̀gá tó gbé àǹkárá oníbàárà lé wa lọ́wọ́.

Kò sì jẹ́ tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Àwọn òpìtàn Islam dárúkọ Salma, ìyàwó Abu Rafi', pé òun ló gba ẹ̀bí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ iṣẹ́ náà

Ní Nàìjíríà, Nursing and Midwifery Council of Nigeria ló ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń ṣe ìdánwò ìkẹyìn, òun náà ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ yege nínú iṣẹ́ márùn-ún ní ìdánwò oníwèé mẹ́wàá: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báólójì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Ọ̀nà tó wà láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí ọmọ lọ kọ́ agbẹ̀bí tààrà fún ọdún mẹ́ta, tàbí kó kọ́kọ́ di nọ́ọ̀sì, kó tó wá fi oṣù 18 kún un. Àwọn mìíràn ń gba yunifásítì. Ètò àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń yí padà lọ́dọọdún báyìí, nítorí náà ẹ béèrè lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ sì rí i dájú pé Council fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á fi oṣù mẹ́fà sọ ọmọ yín di agbẹ̀bí nínú ilé ìwòsàn aládàáni òun ń tàn yín jẹ ni. Kò sí ìwé àṣẹ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, apá ńlá nínú ẹ̀kọ́ náà ló wà ní ilé ìwòsàn. Pósítìn ni àwọn ọmọ ń pè é. Ní Bìrìtéènì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ṣẹ́ yìí, wákàtí 4,600 ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta náà, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ 40. Tiwa náà ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Gbogbo aboyún tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ wò àti gbogbo ọmọ tó gbà ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Bí ìwé náà kò bá kún, kò ní jókòó ìdánwò. Bàbá tó ní kí ọmọ òun kà á tán nínú kíláàsì ò mọ̀ pé ohun tí òun ń béèrè ni pé kí ọmọ náà má ṣe é mọ́.

Ohun tí ọwọ́ ń kọ́

Yàrá àfihàn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bèbí oníke wà níbẹ̀, egungun ìbàdí tí wọ́n fi ike ṣe náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa ti bèbí gba inú egungun náà kọjá títí yóò fi mọ bí orí ọmọ ṣe ń yí bó ti ń bọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n bèbí kì í ké, egungun ike kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ikùn, á wá orí ọmọ, á wá ìdí rẹ̀, á wò ó bóyá ó dábùú. Á gbé fèrè kékeré kan lé ikùn, á fi etí tì í, á máa ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù: láti 110 dé 160 ní ìṣẹ́jú kan ló dára. Á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, á yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá púrótéènì wà nínú rẹ̀, nítorí pé bí méjèèjì bá pàdé, gìrì aláboyún lè wà lọ́nà. Ohun tó bá rí, ọ̀gá agbẹ̀bí á tún un wò. Á gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ibì kan náà, á ní, "Ìdí lo pè ní orí yìí. Tún ọwọ́ gbé padà." Ọ̀pọ̀ ikùn ni yóò kọjá kí ọwọ́ àwọn méjèèjì tó máa sọ ohun kan náà, kò sì sí ojú ìwé tó lè ṣe ìyẹn fún un.

Ní yàrá ìrọbí, ojú ló kọ́kọ́ ń lò. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń fún un lómi, bí a ṣe ń jẹ́ kó rìn. Wọ́n á fún un ní bébà kan tí wọ́n ti fa ìlà sí. Ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, á kọ ìlù ọkàn ọmọ sí i, á sì ka iye ìgbà tí ìrora dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní wákàtí mẹ́rin sí wákàtí mẹ́rin, ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà ń ṣí fún ọmọ, wọ́n á sì fi àmì sí i. Bí àmì wọ̀nyẹn bá yẹ̀ sápá ọ̀tún ìlà tí wọ́n fà sórí bébà náà, ìrọbí ti ń pẹ́ jù nìyẹn. Kí wọ́n pe dókítà, tàbí kí wọ́n gbé ìyá lọ síbi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ.

Òun ló fa iṣẹ́ alẹ́. Ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì lè má parí títí wọn yóò fi pe ìrun Àsùbáà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ sílé ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Òru náà ni dókítà kì í pọ̀ nítòsí, òru ni iná ń lọ, òru ni ọkọ̀ ń ṣọ̀wọ́n. Bí ọmọ yín kò bá kọ́ bí a ṣe ń ṣe é lóru nígbà tí ọ̀gá wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun nìkan yóò wà lórí iṣẹ́ lóru, tí ìyàwó ẹlòmíràn yóò sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú rẹ̀.

Nígbà tí àkókò bá tó, ọ̀gá á ní kó súnmọ́ ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ á wà lórí orí ọmọ, ọwọ́ ọ̀gá á wà lórí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bó ṣe ń rí fún ọmọ àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta nìyẹn. Díẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀gá á máa yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

Iṣẹ́ kò parí nígbà tí ọmọ bá ké. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé fámásì wa pé lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde gan-an ni ẹ̀jẹ̀ lè pa ìyá. Láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ti rí i dájú pé kò sí ọmọ mìíràn nínú, ó yẹ kí ìyá ti gba abẹ́rẹ́ oxytocin, unit 10, kí ilé ọmọ lè fún, kí ibi ọmọ jáde, kí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Fìríìjì ni abẹ́rẹ́ yìí ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó ti sùn sórí kọ́ńtà nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè dà bí omi lásán nínú ara ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ mọ̀. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń bi wọ́n ni pé, "Níbo ni ìgò yìí sùn lánàá?" Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìríìjì wò.

Abẹ́rẹ́ kan náà, bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ bá gún ìyá ní iṣan rẹ̀ kí ọmọ tó jáde nítorí pé ó fẹ́ kí ìrọbí yá, ó lè fa ilé ọmọ ya. Mo mọ̀ pé àwọn ilé kan wà tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbà á.

Ọwọ́ mímọ́ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́

Ojú ìwé ìmọ́tótó ni èyí, n kò sì gbọdọ̀ fò ó. Ìtàn kan wà tí wọ́n ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí. Ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ilé ìwòsàn ńlá kan ní yàrá ìgbẹ̀bí méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí ń kọ́ṣẹ́ ní ìkejì. Ìyá tó ń kú nípasẹ̀ ibà ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà pọ̀ ju ti ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí lọ, débi pé àwọn aboyún ń sunkún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ síbẹ̀. Dókítà Ignaz Semmelweis ló rí ìdí rẹ̀ ní 1847: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń ti yàrá tí wọ́n ti ń la òkú bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ ìyá tó ń rọbí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi tí wọ́n po èròjà kílórínì mọ́ fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, nǹkan bí ìyá 18 nínú 100 ló kú níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà, nǹkan bí 2.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè gbé ikú wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ èwo ni. Nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan ìyá, á gé èékánná, á bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, á fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, kó tó wọ ìbọ̀wọ́. Làálì kò burú, èékánná gígùn ló burú. Wọ́n á tún kọ́ ọ pé ohun mẹ́fà gbọ́dọ̀ mọ́: ọwọ́ rẹ̀, ojú ara ìyá, ibi tí ìyá dùbúlẹ̀ sí, ohun tí wọ́n fi gé ìwọ́, ohun tí wọ́n fi dì í, àti ìwọ́ náà fúnra rẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni a ń fi sí ìwọ́ ọmọ báyìí. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹ má fi àtíkè sí i, ẹ má sì jẹ́ kí jẹ́ẹ̀lì náà kan ojú ọmọ.

Àwọn kan béèrè nípa oògùn ìfọwọ́ tó ní ọtí nínú. A kì í mu ún, ara la fi ń pa, ó sì ń pa kòkòrò àrùn. Àwọn ilé ìwòsàn Saudi Arabia ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà ń kọ́? Apá aṣọ gígùn ò bá iṣẹ́ yìí mu ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti omi ara á rin ín, á sì gbé àrùn láti ara ìyá kan dé ara òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ká a sókè dé ìgùnpá. Ṣé ibi tí àlùwàlá dé kọ́ nìyẹn? Lásìkò ìgbẹ̀bí, aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ lé e lórí ń bo apá dé ọrùn ọwọ́. Híjáàbù kékeré tí wọ́n kì sínú aṣọ ló dára, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ti ìrun, bí ẹ̀mí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí àkókò sì ń lọ, àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí pípa ìrun méjì pọ̀. Ẹ bi àwọn àlùfáà wa kí ọmọ tó lọ, kó má baà máa ronú rẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló dára. Mo mọ èyí tí wọ́n ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ra búrẹ́dì ju kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń jágbe mọ́ ìyá tó ń rọbí, ọmọ yín sì lè kọ́ ìyẹn náà. Ibòmíràn, òṣìṣẹ́ kò tó, wọ́n á fẹ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú aboyún, èyí tí kò tọ́ rárá. Nítorí náà, kàkà kí òbí ní "kò ní lọ", ẹ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ béèrè: ta ni yóò máa bójú tó wọn lóru? Níbo ni wọn yóò sùn? Ọkọ̀ wo ni yóò gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀? Bí ibùgbé kò bá dára, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa ní ìlú yẹn bóyá arábìnrin kan lè gbà á sílé. Ìyẹn kò tó nǹkan lára owó tí à ń ná lórí wòlímọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù fún ẹ̀yin aboyún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró níwájú yín, tó sọ orúkọ rẹ̀, tó sì tọrọ àyè láti gbé ọwọ́ lé ikùn yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbà yín, ẹ gbà fún un. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti fọ ọwọ́.

Bàbá yẹn mú ìwé rẹ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà, kò sọ ohun tó máa ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ọmọ náà ló wá sídìí tábìlì. Ó ní òun fẹ́ ra aago tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá hàn, tí ọmọ òun yóò fi máa ka ìlù ọkàn ọmọ. A kì í ta aago. Mo júwe ibi tí yóò ti rí i lọ́jà fún un, mo sì ní kó ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ àyà, nítorí pé ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo fún fífọ̀.